Gbogbo Ayé Àfi Nàìjíríà

Ìwé ìrìnnà tí ìjọba Ìlú Ọba fún mi sọ pé mo lè lọ síbikíbi láyé, àfi Nàìjíríà nìkan. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, ẹ̀rín gbé mi, mo sì rín in títí obìnrin tó jókòó tì mí fi rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò bá a wí. Ta ni yóò jókòó ti ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín sí ìwé? Gbogbo ayé tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ yẹn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ ni ìyá mi wà.

N kò ní sọ bí mo ṣe kúrò ní Kàdúná. Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà ìjà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sí níbẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé wa ní Makera jóná, pé Bàámi àti Màámi àti àbúrò mi ọkùnrin, Túnjí, kó lọ sí Kamazou, àti pé èmi tí mo lọ jẹ́rìí ohun tí mo fi ojú ara mi rí, àwọn kan ń fi orúkọ wá mi kiri. Bí mo ṣe di ẹni tí kò lè padà sílé nìyẹn, tí Ìlú Ọba sì gbà mí sí ààbò.

Ìlú tí mo bá ara mi wà láàárín gbùngbùn Ìlú Ọba. Kò sí omi níbẹ̀ àfi òjò. Àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú mi ti fi òtútù dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ṣe mí léṣe, ìkíni ni. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo pàdé obìnrin kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí à ń gbé, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo kí i ní èdè rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn kó lè mọ ẹni tí mo ń kí. Ní Kàdúná, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé títì, wọ́n á ti bi mí léèrè oorun, wọ́n á ti bi mí léèrè iṣẹ́, ará ilé, àti bóyá àárẹ̀ àná ti lọ. Níbí, mo lè ti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni má bi mí bóyá mo sùn. Ó wá di pé mò ń bi ara mi. Màá dúró síwájú dígí, màá fi Hausa bi ara mi léèrè oorun pé, "Ina kwana?" màá sì dá ara mi lóhùn pé àlàáfíà ni, "Lafiya lau." Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ìdáwà kì í sọ ènìyàn di wèrè lójú ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti rí iṣẹ́. Aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn là ń fà jáde láti inú ẹ̀rọ ní gbígbóná, a ó nà án, a ó ká a, a ó tò ó sórí kẹ̀kẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri ni Bàámi ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa, òun ló sì kọ́ mi láti kékeré pé àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń mọ aṣọ tó dára. Mò ń fi àtàǹpàkò yẹ aṣọ òyìnbó wò lójoojúmọ́, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ fún pé owú èyí kò le. Ọ̀gá wa obìnrin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni pé owó ló fi ń rà á.

Wọ́n máa ń bi mí níbẹ̀ pé níbo ni mo ti wá. Tí mo bá dárúkọ òpópónà wa, wọ́n á ní rárá, níbo gan-an? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ Bayarabiya ni mò ń jẹ́ níbẹ̀, Yorùbá obìnrin, àlejò. Tí a bá sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi á máa pè wá ní ọmọ Gàmbàrí, torí pé a máa ń sọ "haba" láàárín ọ̀rọ̀, tí Túnjí sì ń fi Hausa dá ìyá àgbà lóhùn. Kò sí èyí tó gbà wá tán nínú ìlú méjèèjì. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba, mo sọ fún ara mi pé èyí kò lè dùn mí, ó ti mọ́ mi lára. Irọ́ ni mo ń pa. Ó ń dùn mí bí ẹni pé n kò jẹ ìyà rí.

Ohun tó wá gba gbogbo ọkàn mi ni ojú Màámi. Ojú òsì ti kú kí n tó kúrò nílé. Dókítà tó ń wo ojú rẹ̀ ní Kàdúná sọ pé ọ̀kan tó kù náà ń lọ, pé òògùn lè fà á sẹ́yìn ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Màámi ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ti ojú ihò kọ́kọ́rọ́ wo yàrá, ihò náà sì ń kéré sí i. Ọdún mẹ́fà ti kọjá láti ìgbà tí a ti rí ara wa lójúkojú gbẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí ìyá mi rí ojú mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ihò yẹn tó dí. N kò tọrọ ilé, n kò tọrọ ọkọ.

Ọjọ́ tí mo ka ìwé ìrìnnà náà fún un lórí fóònù, mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó wá béèrè bí ẹni tó ń ná ata lọ́jà pé, "Tóò. Ibo ló wá súnmọ́ Nàìjíríà jù tí kì í ṣe Nàìjíríà?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Akra nìyẹn. Mo ní Gánà ni kò jìnnà tí wọ́n tún ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu òkun gan-an ni ìlú náà wà. Nígbà tó gbọ́ òkun, ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni Màámi ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sí ọdún tí kì í la Òkun Pupa fún wọn, á na ọwọ́ méjèèjì, á ní omi dúró lápá ọ̀tún, omi dúró lápá òsì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí òkun rí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá Bàámi ní Kàdúná, odò tó ń gba àárín Kàdúná kọjá sì ni omi tó tóbi jù tó mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ọmọ kan bi òun rí pé báwo ni òkun ṣe ga tó, òun sì fi ṣọ́ọ̀ṣì júwe fún un, kí Ọlọ́run dárí jì òun.

Nínú ìdílé wa, a kì í rìnrìn àjò láìnídìí. Òkú ni, tàbí ìgbéyàwó, tàbí àìsàn. Nígbà tí mo sọ fún Màámi pé ìsinmi la fẹ́ lọ ṣe, ó bi mí pé tí a bá débẹ̀, iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀. Mo ní kò sí iṣẹ́. Ó ní ta la fẹ́ kí? Mo ní kò sí ẹni tí a fẹ́ kí, a kàn fẹ́ jókòó síwájú òkun ni. Ó ní, kí á kàn jókòó? Ó ní òun yóò mú ẹ̀wà dání kí á lè máa ṣà á, kí ojú má tì wá lójú àwọn ará ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ará ilé kejì fi gbá ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní ohun tí mò ń bá jí. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá gbé fóònù, màá máa wo àwòrán yàrá ní Akra, ti olówó pọ́ọ́kú, ibi tí wọ́n ti ń pín balùwẹ̀ lò. Mo rí ilé kan tó sún mọ́ etí òkun. Yàrá tó kọjú sí títì kò wọ́n, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun wọ́n jù ú lọ. Túnjí ní kí n mú ti títì, pé ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn dé etí omi. Mo bínú sí i. Mo ní ṣé kí ìyá tí ojú rẹ̀ kò tó nǹkan máa gun àtẹ̀gùn sókè sódò kó tó rí ohun tó tìtorí rẹ̀ wá? Ti òkun ni mo yàn. Kí Màámi jí láàárọ̀, kó la ojú, kó rí i, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Oṣù Kejìlá ni mo kọ́kọ́ fojú sí. Ṣùgbọ́n owó bàálù ní àsìkò Kérésì kọjá agbára mi, ti yàrá náà sì gbéra sókè, ọ̀gá wa sì ní òun kò lè yọ̀ǹda mi nígbà tí àwọn tó kù ń lọ sílé. Ní oṣù Kẹfà, òjò ń rọ̀ ní Akra, àwọn àlejò kì í pọ̀, gbogbo nǹkan á ti wálẹ̀. Mo pe Màámi, mo ní kí ló rí sí i. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má fi owó ṣòfò, pé òkun kò ní gbẹ kó tó di oṣù Kẹfà. Inú mi dùn. Mo san owó yàrá ti oṣù Kẹfà, mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ Bàámi níbí. Bàámi ti kú, wọ́n ti sin ín, koríko ti hù lórí ibojì rẹ̀, kí n tó gbọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wọ́n á ní ó ń sùn, wọ́n á ní ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Trikania. Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn àgbà mẹ́ta láti ẹgbẹ́ Yorùbá ìlú òyìnbó tí mò ń gbé wá kan ilẹ̀kùn mi. Wọn kò jókòó títí mo fi jókòó. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Kí wọ́n tó la ẹnu ni mo ti mọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà nílẹ̀ òkèèrè, torí pé ta ni yóò dì í mú? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀ mo pariwo mọ́ Màámi dé ibi tí ọmọ lè pariwo mọ́ ìyá dé, mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́ láé. Ó fi orúkọ Ọlọ́run ṣèlérí fún mi. Nítorí náà, tí mo bá béèrè pé, "Ojú ńkọ́, Màámi?" tó bá sì ní ó wà bó ṣe wà, mo máa ń gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, a kò fojú rí ara wa lórí fóònù mọ́. Túnjí ní dátà ti wọ́n. Nígbà tó yá, ó ní kámẹ́rà ti bàjẹ́. Ohùn nìkan ló kù. Mo fi àwòrán yàrá náà ránṣẹ́, Màámi ní òun rí i, pé ó dára gan-an, pé fèrèsé rẹ̀ fẹ̀. Nígbà kan, ó ṣàdédé ní, "Sọ bí ojú rẹ ṣe rí báyìí fún mi." Mo ní kí ló dé, kó ṣe sùúrù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òótọ́ ni, kí n lọ sùn.

Àwọn oṣù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àwọn tó ń fúnni ní físà Gánà gba ìwé mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Mò ń tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí n máa dúró. Ìrẹsì àti iyọ̀ ni mò ń jẹ kí owó ìrìnnà lè pé. Mò ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Àìkú fún ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é. Mo máa ń bá Ọlọ́run jà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, torí pé ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Mo ní, "Bàbá, mo bẹ̀ Ọ́, mú ojú yẹn dúró. O ti gba ilé, O ti gba Bàámi, má gba èyí." Nígbà mìíràn, ẹ̀rù á bà mí débi pé n kò ní lè ká aṣọ. Ọ̀gá wa rí mi lọ́jọ́ kan. Ó di aṣọ náà mú ní etí kejì, a sì jọ ká ìyókù. Láti ìgbà yẹn, ó máa ń kí mi kí n tó kí i. Ayọ̀ ńlá ni ìyẹn jẹ́ fún mi, ẹni tó bá ti dá gbé ibẹ̀ rí yóò mọ̀.

Físà jáde. Oṣù Kẹfà dé.

Màámi àti Túnjí ti fi ọjọ́ kan ṣáájú mi dé Akra. Túnjí nìkan ló wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó ti hu irùngbọ̀n, ó ti dà bí Bàámi. Mo sunkún sí i láyà lójú gbogbo ayé, òun náà ń fi Hausa rẹ̀ mí lẹ́kún pé, "Sannu, ẹ̀gbọ́n mi, sannu." Nínú takisí, mo da ìbéèrè bò ó. Hausa ló fi ń dá mi lóhùn, ní kúkúrú, ojú rẹ̀ wà níta. Mo mọ àbúrò mi. Tí ọ̀rọ̀ bá wúwo fún un, Hausa ló máa ń sá lọ. Ṣùgbọ́n mo rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni. Mo bi í bóyá Màámi ti rí òkun. Ó ní ó ti ń gbọ́ ọ láti àná.

Mo sáré gun àtẹ̀gùn ilé náà. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Màámi dúró nídìí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọ bùbá funfun, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn. Ó ti rù. Mo dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, mo gbé orí lé e léjìká, òórùn adín àgbọn rẹ̀ kò yí padà. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú lórí ikùn rẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ́ ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yíjú padà.

"Ọmọ mi," ló wí, "wò ó. Wo omi tí o rà fún mi."

Mo gbójú sókè. Ògiri ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù ilé kejì, tó sún mọ́ wa débi pé ọwọ́ lè kàn án, ewéko ti hù lára rẹ̀, páìpù kan ń kán omi sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti fún wa ní yàrá tí kì í ṣe tiwa. Òkun ń dún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa ló ti ń dún, ògiri yẹn ló ń dá ariwo rẹ̀ padà. Ìbínú gùn mí. Mo yíjú sí Túnjí kó lọ pe onílé wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò mi lọ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n.

"Ó mà pọ̀ o," ni Màámi wí. "Ó lọ títí, n kò rí òpin rẹ̀."

Mo yọ ojú wo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ojú náà là sílẹ̀, ó mọ́ kedere, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri.

Ọjọ́ kejì ni Túnjí tó lè sọ ọ́ fún mi. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọdún Àjíǹde dé ni ìmọ́lẹ̀ tó kù ní ojú Màámi lọ. Ní Kérésì, ó ṣì ń rí ojú ènìyàn tí wọ́n bá súnmọ́ ọn. Màámi mú kí òun àti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì búra pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, torí pé tí mo bá gbọ́, màá ní kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe, ọkàn mi á sì kú sí òkèèrè níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbé mi dìde. Ní Kérésì ó ṣì ń rí ojú ènìyàn. Kò sí ọjọ́ tí gbólóhùn yẹn kì í jí mi.

Ṣùgbọ́n nídìí fèrèsé yẹn, n kò tíì mọ èyí. Mo kàn mọ̀ pé ìyá mi kò rí mi, kò sì ní rí mi mọ́ láé. Mo dákẹ́ pẹ́ jù, Màámi sì gbọ́ ìdákẹ́ náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ọmọdé tó ń bẹ̀rù pé òun ti ṣi ìdáhùn sọ níwájú olùkọ́.

"Ṣé kì í ṣe apá ibí ló wà?"

"Apá ibẹ̀ ni, Màámi," ni mo wí. "Mo ti rí i."